Ọwọ́ Tí Ó Ru Òkúta: Ìbẹ̀wò sí Àwọn Míṣọ́n Àtijọ́ ní San Antonio

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní lọ́la, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ọkọ̀ yóò kó tọmọdé tàgbà láti gbọ̀ngàn yìí lọ wo àwọn míṣọ́n àtijọ́ tí àwọn ará Sípéènì dá sílẹ̀ lẹ́bàá odò San Antonio. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí ó yẹ kí ojú wá níbẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé ìlú yìí fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ń wakọ̀ kọjá lára ògiri wọ̀nyẹn lọ síbi iṣẹ́, a kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan tẹ inú wọn.

Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà ilé ìsìn tí ẹ máa rí gbà yín lọ́kàn títí tí ẹ ó fi gbàgbé ọwọ́ tí ó kọ́ ọ. Àwọn àlùfáà ni ìwé máa ń dárúkọ, ọba Sípéènì ló sì ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ló ru òkúta, òun ló gbẹ́ yàrà tí omi gbà, òun ni wọ́n sin sínú ilẹ̀ ibẹ̀, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì wà láàárín ìlú yìí títí di òní olónìí. Àwọn baba wa ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Òwe yẹn ni ayé ti fi ń kọ ìtàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Lónìí, mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lẹ́yìn òwe náà, kí a wo orí tí ẹrù wà.

Márùn-ún lẹ́bàá odò kan

Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Fransiskan ló dá míṣọ́n márààrún sílẹ̀. San Antonio de Valero ni àkọ́kọ́. Àlùfáà Antonio de Olivares ló dá a sílẹ̀ ní 1718. Míṣọ́n náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Alamo. Ní 1720, àlùfáà Antonio Margil de Jesús dá San José sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, Concepción, San Juan Capistrano àti San Francisco de la Espada, ìlà-oòrùn Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wọn. Ibẹ̀ kò gbè wọ́n, ni wọ́n bá kó wọn wá sí etí odò yìí ní 1731. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìdílé tí ọba Sípéènì kó láti erékùṣù Kánárì gúnlẹ̀ síbí, tí wọ́n tẹ ìlú San Fernando dó. Láti ìgbà náà ni ìjà omi àti ìjà ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ará ìlú àti míṣọ́n, ìjà tí ó pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀.

Kí ni Sípéènì ń wá? Ẹ̀sìn ni wọ́n ń wá lóòótọ́. Àwọn àlùfáà yẹn gba ohun tí wọ́n ń wàásù gbọ́, wọ́n sì jìyà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Faransé ń ba ọba. Láti 1685 tí La Salle, ọmọ Faransé, ti gúnlẹ̀ sí etíkun Texas ni Sípéènì, tí Mẹ́síkò wà lábẹ́ rẹ̀, ti mọ̀ pé bí òun kò bá fi ènìyàn sí ilẹ̀ yìí, ẹlòmíràn yóò fi sí i. Ènìyàn tirẹ̀ kò sì tó. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n sọ àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ di ọmọ ìjọ, kí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ di ọmọ abẹ́ ọba. Nítorí náà, míṣọ́n kì í ṣe ilé ìsìn nìkan. Abúlé ni, oko ni, ilé ìṣẹ́ ọwọ́ ni, odi sì ni nígbà tí ogun bá dé.

Ní ọjọ́ 5 Oṣù Keje 2015, UNESCO fi orúkọ àwọn márààrún, pẹ̀lú oko ẹran kan tó ń jẹ́ Rancho de las Cabras nítòsí Floresville, sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìwé yẹn kan náà ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ̀ ní 2005. Ọmọ Òṣogbo tó bá wà láàárín wa lè gbérí sókè díẹ̀: a ti ṣíwájú San Antonio níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ìdí tí wọ́n fi wọlé

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa máa ń bi mí nìyí: ta ló fipá kó àwọn ènìyàn náà síbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣe é sọ ní gbólóhùn kan.

Ẹ̀yà kékeré púpọ̀ ló ń gbé apá gúúsù Texas àti àríwá Mẹ́síkò nígbà náà. Payaya wà nínú wọn, Pajalat wà nínú wọn, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Orúkọ àpapọ̀ tí ìwé wá fún wọn ni Coahuiltecan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè wọn kì í ṣe ọ̀kan. Wọn kì í jókòó sójú kan. Wọ́n ń dọdẹ àgbọ̀nrín, wọ́n ń ṣa èso pecan lẹ́bàá odò, wọ́n ń tẹ̀ lé èso ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún lọ síbi tí ó bá ti ń pọ́n. Wọ́n mọ ilẹ̀ náà dé gbòǹgbò.

Nígbà tí àwọn àlùfáà dé, ìpọ́njú ti yí wọn ká. Láti àríwá, àwọn Apache ti ní ẹṣin, wọ́n sì ń lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ ọdẹ wọn. Láti gúúsù, àrùn tí àwọn ará Yúróòpù gbé wá ti ń jà kí àwọn fúnra wọn tó dé. Ọ̀dá àti ebi ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Míṣọ́n ní oúnjẹ, ó ní ògiri, àwọn ọmọ ogun Sípéènì kò sì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Bí ènìyàn bá wá wọlé tán, tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un, àwọn àlùfáà kò gbà pé ó tún lè pinnu láti padà sínú igbó. Àwọn kan sá lọ, àwọn àlùfáà sì ń rán ọmọ ogun tẹ̀ lé wọn láti dá wọn padà. Wọ́n ń na àwọn mìíràn ní pàṣán. Ẹni tí ó bá sọ fún yín lọ́la pé ẹ̀rín àti orin nìkan ló wà níbẹ̀ kò sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá sì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n lásán ni, òun náà kò tíì ka ìtàn dé ìdí.

Agogo ló ń darí ọjọ́

Agogo ni wọ́n fi ń jí ní ìdájí. Àdúrà, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, oúnjẹ àárọ̀, iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin a lọ sí oko àgbàdo, ẹ̀wà, ata àti òwú. Àwọn mìíràn a wọ ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ilé káfíńtà, àwọn kan a sì wà níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Ìhunṣọ wà níbẹ̀, tí wọ́n ń hun irun àgùntàn àti òwú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìsinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́, lẹ́yìn náà agogo àṣálẹ́ àti àdúrà. Fún ènìyàn tí oòrùn àti àsìkò èso ń darí ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ayé mìíràn pátápátá ni.

Àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa fi ẹṣin da màlúù ní oko ẹran míṣọ́n di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Okùn tí wọ́n ń sọ mú màlúù, gàárì wọn, bí wọ́n ṣe ń fi irin gbígbóná sàmì sí ara ẹran, ohun tí gbogbo ayé ń wò nínú sinimá lónìí gẹ́gẹ́ bí àṣà Texas, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń ṣe é ní Rancho de las Cabras kí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó wà. Kódà, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun òmìnira, tí Sípéènì náà dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì, màlúù láti àwọn oko míṣọ́n wà lára èyí tí wọ́n dà lọ sí Louisiana láti bọ́ àwọn ọmọ ogun Bernardo de Gálvez, ọ̀gágun Sípéènì. Ìwé ìtàn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa níléèwé kì í sábà sọ èyí.

Ní San José, nígbà tí ó kún jù, nǹkan bí 350 ọmọ onílẹ̀ ló ń gbé inú odi náà. Yàrá wọn ṣì wà létí ògiri títí di òní, ààrò búrẹ́dì sì wà níwájú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wọ ọ̀kan, nítorí ilẹ̀kùn wọn kúrú. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ sì rántí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀gbóná ti jà. Ní 1739, àrùn náà gba gbogbo míṣọ́n wọ̀nyí kọjá, ó pa ọ̀pọ̀, ó sì lé ọ̀pọ̀ mìíràn sínú igbó. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọdé. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú àwọn àlùfáà fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sínú odi kò dàgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà fi ń jáde lọ wá ènìyàn tuntun lọ́dọọdún: bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, míṣọ́n yóò ṣófo.

Ẹ wo omi kí ẹ tó wo ilé

Bí ọkọ̀ bá gbé wa dé Espada, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sáré lọ ya fọ́tò níwájú ilé ìsìn kékeré náà, tí agogo mẹ́ta wà lókè ògiri rẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ síbi tí omi ti ń kọjá, nítorí nínú gbogbo ohun tí a máa rí lọ́la, kò sí èyí tí ó jọ mí lójú tó o.

Òjò Texas kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kí àgbàdo tó lè gbó lọ́dọọdún, omi odò ni wọ́n ní láti lò. Wọ́n fi òkúta sé odò San Antonio díẹ̀, kí ojú omi lè ga. Láti ẹ̀bá ibi tí wọ́n sé ni wọ́n ti gbẹ́ yàrà jáde, tí ó ń tẹ̀ lé ara ilẹ̀, tí ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí ó bá rọ̀ jù, omi yóò sáré, yóò sì wú ilẹ̀. Bí kò bá rọ̀ tó, omi yóò dúró, yóò sì di ẹrẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ. Létí oko, wọ́n fi pákó ṣe ilẹ̀kùn kéékèèké sí ẹnu yàrà. Bí ó bá kan ẹnì kan, a gbé pákó sókè, omi a ya wọ oko rẹ̀. Bí àkókò rẹ̀ bá pé, a tì í padà. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń pín omi, oníkálukú sì mọ ọjọ́ tirẹ̀.

Yàrà ti Espada wá bá ìṣòro kan pàdé: odò kékeré kan dábùú ọ̀nà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Piedra. Bí omi yàrà bá bọ́ sínú rẹ̀, ó lọ nìyẹn. Nítorí náà, láàárín 1740 sí 1745, wọ́n mọ afárá òkúta sórí odò yẹn, afárá tí a kò mọ fún ènìyàn bí kò ṣe fún omi. Ojú ńlá méjì tí orí wọn tẹ̀ ni ó ní; bí àgbàrá bá dé, a gba abẹ́ ojú méjèèjì kọjá, omi oko a sì máa bá tirẹ̀ lọ lókè nínú ọpọ́n òkúta. Àgbàrá ti dé lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Afárá náà kò yẹsẹ̀, omi ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá lónìí.

Ìmọ̀ yìí ní ìdílé tó jìn. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọba ní Sípéènì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní irú yàrà omi báyìí, Sípéènì gbé e wá sí Mẹ́síkò, ó sì ti Mẹ́síkò dé ibí. Mo mọ̀ pé inú àwọn àáfáà wa yóò dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀ tó sì gbẹ́ ilẹ̀ jáde ní máìlì lé máìlì, ẹni tó gé òkúta tó sì gbé e lé ara wọn, ọmọ onílẹ̀ ni. Ìmọ̀ ti òkèèrè wá, agbára ti ilẹ̀ wá, omi ò sì lè ṣàn láìsí èkejì.

Ẹ bá mi wo èyí tún: ní San Juan, omi ti padà sínú yàrà àtijọ́, wọ́n sì ń fi í dá oko kan níbẹ̀ kí àwọn àlejò lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá bàbá yín dá oko àkùrọ̀ rí ní ẹ̀bá odò nílé, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ yín.

Fèrèsé, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀

San José ni wọ́n ń pè ní ọbabìnrin àwọn míṣọ́n. Ọdún 1768 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn tí a ń wò báyìí lélẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1782. Fèrèsé kan wà lára yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra, wọ́n ń pè é ní Fèrèsé Rosa. Òkúta ẹfun ni wọ́n gbẹ́ sí ewé àti òdòdó yí i ká. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ óò rí i pé ewé ìhín kò jọ ti ọ̀hún gan-an, pé òdòdó kan jìn jù èkejì lọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò fi ohunkóhun tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọwọ́ ni, òòlù ni, ọjọ́ pípẹ́ ni.

Àwọn tó ń mú àlejò kiri yóò sọ ìtàn Pedro Huizar fún yín, pé agbẹ́kúta kan ni, pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ Rosa kú sójú òkun nígbà tó ń bọ̀ wá bá a, pé ìbànújẹ́ ló fi gbẹ́ fèrèsé náà. Ìtàn dídùn ni, ẹ̀rí kò sì tì í lẹ́yìn. Ohun tí ìwé fi hàn nípa Huizar ni pé ó gbé ìlú yìí, pé ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, àti pé òun ló wọn ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ míṣọ́n. Kò wù mí kí ìtàn olólùfẹ́ kan bo àwọn tí kò sí ẹni tó pa ìtàn mọ́ fún. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ló kọ́ San José.

Ẹ tún má rò pé bí ògiri wọ̀nyẹn ṣe rí funfun tàbí eérú yìí ni wọ́n rí látilẹ̀wá. Wọ́n rẹ́ wọn, wọ́n sì kùn wọ́n ní pupa, ọ̀sán, àwọ̀ aró àti dúdú, pẹ̀lú àrà tí ó bo gbogbo ara ilé. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kọ́kọ́ máa ń rí àwọ̀ kí ó tó rí ilé. Lára ìdí ilé agogo San José, wọ́n ti tún apá díẹ̀ kùn padà kí á lè mọ bí ó ti rí. Ní Concepción, èyí tí ilé ìsìn rẹ̀ kò wó rí láti 1755 tí wọ́n ti yà á sí mímọ́, àwọ̀ àtijọ́ gan-an ṣì wà nínú àwọn yàrá kan. Ẹ gbójú sókè nínú ọ̀kan nínú wọn: oòrùn wà lójú àjà, ó ní ojú, ó ní imú, ó sì ní irùngbọ̀n. Kì í ṣe ojú ẹni mímọ́ tí mo mọ̀ nínú ìwé Sípéènì. Mo fẹ́ràn láti máa wo ojú yẹn.

Àwọn tó kọ́ Concepción mọ ọ̀nà oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 Oṣù Kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, ìmọ́lẹ̀ a gba fèrèsé wọlé ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan a bọ́ sí ojú àwòrán Màríà lórí pẹpẹ, èkejì a bọ́ sí ilẹ̀ ní àárín gbùngbùn ilé, níbi tí apá méjèèjì àgbélébùú ilé náà ti pàdé. Ènìyàn a máa kún ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa náà lè lọ.

Ìwé ti 1760

Ní 1760, wọ́n tẹ ìwé kan ní Mẹ́síkò tí àlùfáà Bartolomé García, tó ṣiṣẹ́ nínú àwọn míṣọ́n yìí, kọ. Ìwé ìlànà sákírámẹ́ǹtì ni, Sípéènì ní apá kan, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ní apá kejì. Ìbéèrè ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ni ohun tó tóbi jù tí ó ṣẹ́ kù nínú èdè náà, tí a ń pè ní Coahuilteco, nítorí kò sí ẹni tó ń fi í tọ́ ọmọ mọ́.

Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá gbé ìwé àwọn míṣọ́nnárì tiwa wò. Àwa náà gba míṣọ́nnárì lálejò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, Samuel Crowther ló kọ ọ́, ọmọ Òṣogùn, tí ó mu ọmú èdè náà, àwọn tó ń sọ ọ́ sì pọ̀ lọ bí yanrìn lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn ará ibí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ èdè wọn sílẹ̀, àjèjì ni, ohun tí ó sì ń fi í bèèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. A kò rí ibi tí wọ́n ti fi í pa àlọ́, a kò rí bí wọ́n ṣe ń fi í rẹ ọmọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ jókòó síbí, tí ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Bí ilé ṣe wó, tí a tún un kọ́

Ní 1793 ni wọ́n ti míṣọ́n Valero pa, wọ́n pín ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ti àwọn yòókù ní 1794, ó sì parí pátápátá ní 1824. Ilé tó ṣófo ní Valero di ibùdó ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó wá láti Alamo de Parras, ibẹ̀ ni orúkọ Alamo ti wá. Ogun 1836 tí àwọn ará Texas bá Mẹ́síkò jà, tí gbogbo yín mọ̀, wáyé níbẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé orí ògiri tó rí rogodo tí ó wà lára gbogbo àwòrán Alamo, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló fi kún un ní 1850. Àwọn tó kú níbẹ̀ ní 1836 kò rí i rí.

Àwọn mẹ́rin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Òrùlé rìbìtì San José já ní 1874, ilé agogo rẹ̀ wó ní 1928. Ṣùgbọ́n wọn kò kú, nítorí ènìyàn ń bẹ nídìí wọn. Ní Espada, àlùfáà ọmọ Faransé kan, Francis Bouchu, tí ó dé ní 1858, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé ìsìn tó ti fẹ́ di ahoro kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1907. Ní 1924, àwọn obìnrin ìlú yìí dá ẹgbẹ́ San Antonio Conservation Society sílẹ̀. Wọ́n ra àká San José kí ó má bàa bàjẹ́, wọ́n sì ra ilẹ̀ tí afárá omi Espada wà lórí rẹ̀ ní 1937. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá wa gbọ́ èyí: kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ dá sí i. Àwọn obìnrin tó kó owó jọ ni. Ọdún 1978 ni òfin tó sọ àwọn mẹ́rin náà di ọgbà ìtàn ìjọba àpapọ̀ tó wáyé.

Àwọn tí wọ́n ṣì wà

A máa ń gbọ́ pé àwọn Coahuiltecan ti run. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, àwọn ìdílé kan dúró lórí tiwọn, wọ́n bá àwọn ará ìlú ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń jẹ́ orúkọ Sípéènì, ọmọ wọn sì ń ṣe ìrìbọmi nínú ilé ìsìn tí baba ńlá wọn kọ́. Ìjọ ń lọ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn kan lára àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́la sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ru òkúta. Àwọn kan ti gbá ara wọn jọ, wọ́n ń pe ara wọn ní Tap Pilam Coahuiltecan Nation. Ìjọba àpapọ̀ kò tíì fi ọwọ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà, wọn kò sì dákẹ́.

Egungun òkú ló kọ́kọ́ gbé wọn dìde. Wọ́n hú òkú jáde ní San Juan nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn àtọmọdọ́mọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n jà, ó sì di 1999 kí wọ́n tó gbà wọ́n padà, tí wọ́n tún wọn sin sí San Juan. Nípa Alamo, ìjà lórí àwọn òkú tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dé kóòtù ní 2019. Kò sí Yorùbá kankan níbí tí a ní láti ṣàlàyé fún ìdí tí ènìyàn fi ń jà nítorí egungun baba rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 Oṣù Keje 2015, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí UNESCO fi àwọn míṣọ́n yìí sínú ìwé rẹ̀, Póòpù Francis dúró ní Bòlífíà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ wọ́n ní orúkọ Ọlọ́run nígbà ìkógunjalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìyìn ilé àti àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ bọ́ sí. Èmi kò rò pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́. A lè fẹ́ràn ilé náà gan-an, kí a sì mọ ohun tí ó ná àwọn tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa ń bèèrè bóyá ènìyàn dúdú wà níbí nígbà náà. Wọ́n wà. Ìkànìyàn tí Sípéènì ṣe ní Texas ní 1792 ka ènìyàn dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dúdú wà lára wọn. Kì í ṣe pé mo ń pè wọ́n ní Yorùbá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọ̀ yín kì í ṣe àlejò ní ìlú yìí.

Bí a ó ṣe rìn lọ́la

Ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì ní í tẹ̀ ẹ́ basubasu. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lọ́la. Bí a bá dé San José nígbà tí wọ́n ń ṣe ìsìn pẹ̀lú orin mariachi, kí àwọn tó fẹ́ wọlé jókòó bí olùjọ́sìn, kí fọ́tò dúró. Ibi ìsìnkú wà nínú àgbàlá. Kí àwọn ọmọdé má sáré lórí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ pa òkúta gbígbẹ́, òróró ọwọ́ ń jẹ ẹ́. Owó kò sí fún ìwọlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbó tó lè rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà ẹ̀bá odò tí wọ́n parí ní 2013, tí ó so àwọn míṣọ́n pọ̀. Àwọn àgbà yóò wà nínú ọkọ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ láti Espada ní ìsàlẹ̀ odò, níbi omi, a ó sì máa bọ̀ wá sókè.



     Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra níwájú gbọ̀ngàn yìí; ẹ gbé omi mímu àti fìlà dání, oòrùn yóò mú.